Aago Tí A Ń Fi Ìka Kà

Ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, aago tó kàn ń sọ àkókò lásán jẹ́ ohun ìtìjú. Ọ̀gá wa a máa sọ fún àwọn àlejò pé irú aago bẹ́ẹ̀ wà lójú fóònù gbogbo ènìyàn, kò sì sẹ́ni tí yóò torí rẹ̀ jáde nílé. Aago tiwa gbọ́dọ̀ mú kí ẹni tó bá rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbàgbé ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ́wọ́. Nítorí náà a ṣe aago tí kò ní ọwọ́, tí ẹ̀kán epo aláwọ̀ búlúù kan ń rìn yí inú páìpù gíláàsì tí kò nípọn ju okùn bàtà lọ. A ṣe èyí tó jẹ́ pé ojú ènìyàn gan-an ni ojú rẹ̀, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, tí ó sì ń pa dé bí ọjọ́ bá ti ń lọ. A ṣe aago fún àwọn tí kì í tètè dé ibi kankan: ó ń parọ́, ó ń sáré ṣíwájú àkókò, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò sì lè mọ bí irọ́ tòní ti pọ̀ tó, nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń yí i padà. Èyí tó tà jù lọ ní ọwọ́ kan ṣoṣo, wọn kò sì kọ nọ́ńbà sí i lójú, bí kò ṣe ọ̀rọ̀: "ó kù díẹ̀", "ó tó gẹ́ẹ́", "ó ti bọ́". Èmi ni mo ṣe ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ọ̀gá ló gba ìyìn. N kò bá a fà á, nítorí pé àwàdà ni aago náà, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ìyìn lórí àwàdà, kó máa gbà á.

N kò kórìíra àwọn aago wọ̀nyí. Ẹni tó bá rò pé ìbínú tí mo fi ń sọ ìtàn yìí jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti sú ti ṣì mí gbọ́. Ẹ̀rọ kéékèèké ni mo kọ́ ní yunifásítì, mo sì kọ́ ọ dáadáa, débi pé nígbà tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, "Yunifásítì" ni wọ́n sọ mí, wọ́n sì ń pè é bí ìgbà tí ènìyàn bá ń dárúkọ àbùkù ara ẹlòmíràn. "Yunifásítì, síkírù ti já bọ́ o, ṣé ìwé tó o kà sọ ibi tó sá sí?" Mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Tábìlì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wà lójú mi láti àárọ̀, mo sì gbàgbọ́, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ti ń gba nǹkan gbọ́, pé ohun tí a bá ṣe dáadáa yóò dé ọwọ́ ẹni tí a ṣe é fún.

Bàbá mi ni mo ṣe aago tèmi fún.

Télọ̀ ni. Aṣọ ọkùnrin ló ń rán. Àìsàn tó mú ojú rẹ̀ lọ kò dùn ún rárá. Ó kàn ń gé ayé rẹ̀ láti etí wọ àárín, bí ìgbà tí sísọ́ọ̀sì bá ń yí aṣọ ká, títí tí kò fi sí aṣọ mọ́. Nígbà tó yé e pé ojú náà kò ní bọ̀ sípò, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú wa, ó ní, "Ojú ló lọ. Ọwọ́ ṣì wà." Òótọ́ ló sọ. Bí màmá mi bá ká aṣọ kúrò lórí okùn, bàbá mi lè fi ìka kan ṣoṣo yọ èyí tó jẹ́ òwú gidi kúrò lára èyí tí wọ́n fi pólísítà lú, a sì máa bú ẹni tó tà á fún wa.

Òkùnkùn kọ́ ló kọ́kọ́ fìyà jẹ ẹ́. Àkókò ni. Ó lè sùn díẹ̀ lórí àga kó jí, kó rò pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́. Ó lè wẹ̀, kó múra, kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kó máa retí ẹni tó ti wá kí i tí ó sì ti lọ. Ni ó bá ń béèrè. "Aago mélòó ló lù?" Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà nítòsí ń dá a lóhùn pẹ̀lẹ́. Nígbà tó yá, láti ilé ìdáná ni wọ́n ti ń dá a lóhùn. Nígbà tó tún yá, màmá mi á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó fèsì, èémí yẹn gan-an ni bàbá mi sì ń gbọ́ ju èsì lọ. Mo ń wò ó bó ti ń gbé ìbéèrè náà mì, bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ nílé àlejò.

Ẹnì kan fún un ní aago tí ń sọ̀rọ̀. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin kan á pariwo àkókò jáde. Ó lò ó fúngbà díẹ̀, ó bọ́ ọ kalẹ̀.

"Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ pé mo fẹ́ mọ aago," ó ní. "Ẹni tó lójú, ṣebí ńṣe ló máa ń yọ́ wò ó. Èmi náà fẹ́ máa yọ́ wò ó."

Ìwà mìíràn tún wà nínú ilé wa tí kò bá mi lára mu. Irọ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú bàbá mi. Màmá mi á ní àwọn oníbàárà rẹ̀ kí i, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti rí télọ̀ mìíràn. Á tún ní ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi ṣì wà ní igun yàrá, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ẹ̀rọ náà ti kúrò nílé, tábìlì ni wọ́n fi aṣọ bò. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan mo bá bàbá mi tó dúró ní igun náà, tó gbé ọwọ́ lé tábìlì yẹn lábẹ́ aṣọ, kò sì sọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni n kò bá wọn dá sí i. Bó bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí gan-an, èmi ló ń pè. "Ẹnjiníà, wá. Sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí." Mo sì ń sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, kódà nígbà tí kò dára.

Bí mo ṣe ṣe aago náà nìyí. Mo to ahọ́n irin méjìlá yí etí rẹ̀ ká, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bí wákàtí bá ti yí, ahọ́n ti wákàtí náà á yọrí sókè, èyí tó ṣáájú rẹ̀ á sì wọlé. Àárín rẹ̀ jẹ́ àwo róbótó kan tí ń yí, mo sì ṣe ìlà kan sí i lórí tó ga díẹ̀ bí ojú ìrán aṣọ. Ibi tí ìlà náà bá kọjú sí ni ìṣẹ́jú wà. Kò ní gíláàsì. Kò ní nọ́ńbà. Kò dún, nítorí pé bátìrì ló ń lò, Ọ̀gá wa kò sì fẹ́ aago tí ń dún. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè ti ìka kan bọ abẹ́ ọwọ́ aṣọ rẹ̀, kó mọ àkókò, kó sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Nílé ni a ti dán an wò. N óò dédé béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Bàámi, aago mélòó?"

"Má sáré mi." Ìka rẹ̀ ń rìn. "Mẹ́rin ti lọ. Ó kù díẹ̀ kó tó ààbọ̀."

"Ẹ gbà á."

"Ta lò ń fún ní máàkì? Èmi tí mo rán aṣọ tó o wọ̀ lọ gba ìwé ẹ̀rí?"

Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti di ẹlẹ́jọ́. Ó ń bá rédíò jiyàn pé ìròyìn wọn pẹ́. Bí àbúrò rẹ̀ bá ní òun ń bọ̀ láìpẹ́, á ní kó sọ aago tó fẹ́ dé. Màmá mi fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí.

"O rí bàbá rẹ yìí? Láti ìgbà tó ti gba nǹkan yẹn, ó ti di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ó ní oúnjẹ ọ̀sán mi ń pẹ́ wọlé."

"Ó ń pẹ́ nítòótọ́," bàbá mi dáhùn láti yàrá. "Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ ń rí mi rẹ́ jẹ ni."

Màmá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa.

Ṣùgbọ́n aago náà kì í ṣe tiwa. Irin ilé iṣẹ́ ni mo fi ṣe é, lórí tábìlì ilé iṣẹ́, ẹyọ kan ṣoṣo náà ni ó sì wà láyé. Ní ilé iṣẹ́ wa, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí àwọn tó ní ìsọ̀ ńláńlá máa ń wá wo aago tuntun. Èyí tí wọ́n bá yàn, a óò ṣe é lọ́pọ̀. Èyí tí wọn kò bá yàn, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò kú sí. Bí wọ́n bá yan tèmi, bàbá mi yóò ní aago tirẹ̀ títí ayé rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn tí ojú wọn lọ bíi tirẹ̀ yóò sì rí i rà. Bí wọn kò bá yàn án, ó di dandan kí n bọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń lé kò ju ìyẹn lọ.

Ọ̀gá gbé e sọ́wọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Ó dára. Ta ló máa gbà pé afọ́jú lè kà á?"

"Bàbá mi ń kà á lójoojúmọ́, sà."

Ojú rẹ̀ tàn. "Mú wọn wá. Kí àwọn ènìyàn fojú ara wọn rí i."

Bàbá mi gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìmúra bí ẹni tó fẹ́ lọ fẹ́ ìyàwó. Ó ní kí màmá mi lọ aṣọ rẹ̀, ó tún fọwọ́ wá ibi tó rún kiri, ó sì ní kó tún un lọ̀. Ó ń kọ́ ohun tí yóò sọ. Ó ní òun kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí pé ìka òun ni wọ́n wá wò.

Nínú iṣẹ́ aago, àṣà kan wà tí àwọn tí kò sí nínú rẹ̀ kì í kíyè sí. Ẹ wo ìpolówó aago níbikíbi: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Wọ́n ní bí ọwọ́ méjèèjì bá gbé apá sókè báyìí, ó dà bí ẹnu tí ń rẹ́rìn-ín, kò sì bo orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sókè. Kí ó má baà kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yà á ní fọ́tò, wọ́n á dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Ní tiwa, Ọ̀gá ti sọ ọ́ di òfin: gbogbo aago tó bá gun orí pẹpẹ ìpàtẹ gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀, kódà èyí tí kò ní ọwọ́. Ẹ̀kán epo búlúù gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀. Ìpéǹpéjú gbọ́dọ̀ là dé ìwọ̀n àkókò yẹn. Ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n débi pé wọn kì í rò ó mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n fi bàbá mi jókòó sí yàrá kékeré kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn, yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń pariwo nínú rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n dúró ti kọ̀ǹpútà tí ń gbé àwòrán sára ògiri, ní ẹ̀yìn pátápátá. Obìnrin tó ń bójú tó ìpolówó, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Ìpolówó, wọlé tọ bàbá mi lọ, ó kí i dáadáa, ó sì bọ́ aago náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n lè yà á ní fọ́tò pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé ahọ́n kẹwàá sókè, ó yí ìlà àárín kọjú sí ahọ́n kejì, ó yọ bátìrì. Ó gbé e sórí pẹpẹ. Kò sí ìwà ibi kankan nínú ohun tó ṣe. Lójú rẹ̀, ohun tí a ń wò ni aago.

Ó pẹ́ kí ó tó kan tèmi. Àwọn àlejò ti jẹun ọ̀sán. Lókè ibi tí Ọ̀gá dúró sí, aago ńlá kan wà lára ògiri, aago lásán olọ́wọ́ méjì, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta. Àǹtí Ìpolówó di bàbá mi ní ìgbọ̀nwọ́ mú jáde. Ó mú aago kúrò lórí pẹpẹ, ó so ó mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Bàbá," Ọ̀gá sọ sínú máíkì, "ẹ bá wa wo aago."

"Wò kẹ̀?" bàbá mi ní. "Ẹ̀yin lẹ máa wò. Èmi á kà á ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó mọ bí wọ́n ti ń mú wọn. Ó gbé ìka lé etí aago, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i tí ojú rẹ̀ fà pọ̀. Ó padà sí òkè, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó rọra ń kà á.

"Ó yà mí lẹ́nu," ó ní. "Mo rò pé a ti jókòó pẹ́ níbẹ̀ yẹn. Kò tíì pẹ́ rárá. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni."

Ẹnì kan wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Àwọn mìíràn bá a rín in. Mo ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde.

"Bàbá, ẹ̀yin ṣì wà láàárọ̀ ni o!" Ọ̀gá ní. "Àwa ti jẹun ọ̀sán, oorun ló kù."

Gbogbo ilé hó. Bàbá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí kò fẹ́ ba àríyá jẹ́. Lẹ́yìn náà ó dá ìka rẹ̀ padà sórí aago. "Mẹ́wàá ni," ó ní, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn, ṣùgbọ́n máíkì gbé e. "Ìlà náà nìyí." Ó tún un wò. Ó fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ náà.

"Ẹ dúró!" mo kígbe láti ẹ̀yìn. "Wọ́n ti dá a dúró fún fọ́tò ni! Kò sí bátìrì nínú rẹ̀!"

Àwọn tó wà níwájú kò gbọ́ mi. Ọ̀gá gbọ́ mi. Ó wò mí, ó wo Àǹtí Ìpolówó, obìnrin náà sì ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Ó ti wà nínú iṣẹ́ yìí kí n tó mọ ìwé kà. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ. Mo rí i tó gbé máíkì sókè, mo sì dúró, òmùgọ̀ tí mo jẹ́, mò ń retí gbólóhùn náà.

"Ẹ bá wa pàtẹ́wọ́ fún bàbá wa," ó ní. "Ọjọ́ orí kì í ṣe eré. Wọ́n gbìyànjú."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gidigidi, pẹ̀lú àánú.

Nínú takisí, mo ṣàlàyé fún bàbá mi. Mo sọ ọ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń sọ gbogbo nǹkan fún un.

"Nítorí fọ́tò," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàámi."

"Gbogbo aago pátá. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Gbogbo rẹ̀."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹn?"

"Wọ́n ní ó dà bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi bí òun náà ti gbọ́ ọ: ìtàn tí ènìyàn sáré hun lójú ọ̀nà. Ó yí ojú rẹ̀ sí fèrèsé tí kò lè rí nǹkan kan lóde rẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá mi bó bá ti sọ fún un pé àwọn oníbàárà kí i.

Lọ́jọ́ kejì mo wọlé tọ Ọ̀gá lọ. N kò jókòó.

"Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi pé aago náà kò ṣiṣẹ́. Ẹ lè pè é lórí fóònù. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ."

"Yunifásítì, ọ̀rọ̀ yìí ti tán. Àwọn oníṣọ̀ọ́bù fẹ́ràn rẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n yàn án. Wọ́n ní arẹwà ni. Ènìyàn lè jókòó nípàdé kó yọ́ wo aago láìsí ẹni tó mọ̀. A ó kun àwọn ahọ́n yẹn láwọ̀, a ó sì tẹ̀ wọ́n wálẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n má baà máa fa aṣọ olówó."

"Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ wọ́n wálẹ̀, ìka ò ní rí i kà."

"Wọ́n lójú, àbí? Wọ́n á máa wò ó."

"Ẹ pe bàbá mi, sà."

"Kí n ní kí ni? Kí n ní àwọn òṣìṣẹ́ mi yọ bátìrì kúrò nínú aago, kí wọ́n tó so ó mọ́ afọ́jú lọ́wọ́ lójú àwọn oníbàárà mi? Kí o sì lọ máa sọ ọ́ kiri?" Ó fa àpótí tábìlì rẹ̀, ó gbé aago náà jáde, ó tì í sí mi. "Mú un lọ fún wọn. Ẹ̀bùn ni. Àwa ò nílò rẹ̀ mọ́."

Mo mú un. Mo fẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn pé Ọ̀gá kì í ṣe ẹni burúkú. Ó ní ọmọ, ó ń rántí ọjọ́ ìbí àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n ní kó yàn láàárín kí ojú tì í fún ìṣẹ́jú kan àti kí bàbá mi pàdánù ohun tó kù fún un, ó sì yàn láìronú, nítorí pé ní tirẹ̀ kò sí ohun kan ní ìhà kejì òṣùwọ̀n náà. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìdí.

Àǹtí Ìpolówó ló wá sílé wa fúnra rẹ̀. N kò rán an níṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú àga bàbá mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo dá a dúró. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ bátìrì. Ẹ̀yin kà á dáadáa. Ohun tó wà lójú rẹ̀ gan-an lẹ kà."

Bàbá mi fọwọ́ wá èjìká rẹ̀, ó gbé e dìde.

"Ẹ dìde, ìyá mi. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí máa yọ yín lẹ́nu kiri. Inú rẹ̀ ló dára jù."

Obìnrin náà wò mí. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sẹ́sẹ̀ bàbá mi.

"Bàámi, mi ò parọ́ fún yín rí."

"Mo mọ̀," ó ní. "Òun ni mo fi mọ̀, nígbà tí ìwọ náà bẹ̀rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ mi le."

Mo ti fi bátìrì tuntun sínú aago. Mo gbé e fún un. Mo ní kó kàn kà á lẹ́ẹ̀kan péré, kí màmá mi wo aago ara ògiri, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbọ́ ọ. Màmá mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí sí mi pé kí n má ṣe é, kí n fi í sílẹ̀.

"Bí mo bá gbà á, wàá ní mo gbà á," bàbá mi ní. "Bí mo bá ṣì í, wàá ní mo gbà á. Má dán mi wò mọ́, ọmọ mi. Ó ti rẹ̀ mí."

Ó jẹ́ kí n so ó mọ́ òun lọ́wọ́, bí aláìsàn ti ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì so báńdéèjì. Ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ahọ́n ń yọrí, ahọ́n ń wọlé lábẹ́ apá aṣọ rẹ̀, wákàtí kò yẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án.

Kò béèrè aago mọ́. Mo rò pé ìsinmi ni yóò jẹ́ fún màmá mi, ṣùgbọ́n òun ló ń lọ bá a báyìí, tó ń sọ ọ́ láìjẹ́ pé ó béèrè: "Ó ti di ọ̀sán o. Mẹ́rin ti lù o." Bàbá mi á ní, "Ó dára." Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ wá láàárọ̀, ó jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá gbàgbé títí di ìrọ̀lẹ́, kò pe ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀ ó ń fọwọ́ tọ ògiri dé ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀. Ní báyìí, ó ń dúró kí wọ́n wá di òun mú, ọwọ́ rẹ̀ á sì rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èékánná rẹ̀ ti gùn, ó ti ń fi họ ojú ara rẹ̀ lójú oorun. Mo gbé àga sí iwájú rẹ̀, ní ibi tí oòrùn ọ̀sán ti ń wọlé, mo ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ wá.

"Ṣé kí n gé e kúrú, Bàámi, àbí kí n fi díẹ̀ sílẹ̀?"

"Bó o bá ṣe fẹ́."

Mo gé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìka rẹ̀ tútù lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo lè sọ ni mo ti sọ, òótọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Mo gbọn èékánná náà kúrò lórí itan rẹ̀, mo sọ fún un pé mo ti gé e tán. Ọwọ́ méjèèjì ṣì wà lórí orúnkún mi níbi tí mo gbé wọn sí. Kò fà wọ́n padà.